Robert Mensah: Aṣọ́lé tí ikú rẹ̀ dun Kotoko ju gbogbo ìjákulẹ̀ orí pápá lọ

Bí o bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Asante Kotoko ní Krofrom, ládùúgbò kan nílùú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, pé èwo ni ìjákulẹ̀ tó wúwo jù nínú ìtàn ikọ̀ wọn, má retí pé àmì ayò nìkan ni wọn yóò kà fún ọ.

Ẹnì kan yóò sọ̀rọ̀ nípa àṣekágbá tí Kotoko kò dé orí pápá láti gbá. Ẹlòmíì yóò rántí ìgbà tí Hearts of Oak gba ife ẹ̀yẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ilé wọn.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó fojú ara wọn rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1971, orúkọ ẹnì kan kì í pẹ́ jáde. Orúkọ náà ni Robert Mensah.

Aṣọ́lé Kotoko ni, òun náà ló sì ń ṣọ́lé fún orílẹ̀-èdè Ghana. Wọ́n fi ìgò fífọ́ gún un nínú ilé ọtí kan nílùú Tema, ó sì jáde láyé ní ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, ọdún 1971. Ẹni ọdún 32 ni.

Nígbà tó kú, ó ku nǹkan bí oṣù kan kí Kotoko gbá àṣekágbá ìdíje àwọn ikọ̀ tó gba liigi ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ife tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn gbà wálé láti Kinshasa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni wọ́n fẹ́ lọ dáàbò bò.

Ta ni Robert Mensah?

Ọdún 1939 ni wọ́n bí Robert Mensah nílùú Cape Coast, létí òkun ní gúúsù Ghana. Gold Coast ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ nígbà náà, abẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà.

Ìlú àwọn Fante ni Cape Coast, kì í ṣe ìlú Asante. Èyí ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, nítorí ọmọ Fante yìí ni àwọn ará Kumasi wá gbé gẹ̀gẹ̀ bí ọmọ bíbí inú wọn.

Ikọ̀ Mysterious Dwarfs, tó jẹ́ ikọ̀ ìlú rẹ̀, ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá ni ó wá wọ aṣọ Kotoko, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kan dé gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ohun méjì ni àwọn tó rí i lórí pápá fi ń júwe rẹ̀. Èkíní ni bó ṣe máa ń fò gba bọ́ọ̀lù tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé yóò wọlé. Èkejì ni fìlà orí rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tòun ti fìlà ni Mensah máa ń gbá. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fìlà yìí fi di ìtàn. Àwọn kan ní fìlà lásán ni, pé oòrùn ló fi ń dènà. Àwọn mìíràn gbà pé oògùn wà nínú rẹ̀, àti pé níwọ̀n ìgbà tó bá ti wà lórí Mensah, ilé Kotoko kò ṣeé wọ̀.

Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa kò ní yà á lẹ́nu. Láti Ìbàdàn títí dé Cotonou, ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn aṣọ́lé tó so òǹdè mọ́ ilé, tàbí ikọ̀ tó kọ̀ láti gba ẹnu ọ̀nà wọ pápá? Ohun tó dájú ni pé fìlà náà da ọkàn àwọn alátakò láàmú, Mensah sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wà lára àwọn tó ṣojú Ghana níbi ìdíje Olympics ọdún 1968 ní Mexico. Ó tún wà nínú ikọ̀ Black Stars tó dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ní ọdún 1968 ní Ethiopia àti ní ọdún 1970 ní Sudan.

Àṣekágbá méjèèjì ni Ghana pàdánù, àmì ayò kan sí òdo ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Congo-Kinshasa ló nà wọ́n ní Addis Ababa, Sudan tó gbàlejò ìdíje ló sì nà wọ́n ní Khartoum. Nítorí náà, Mensah mọ bí ìjákulẹ̀ ṣe ń rí lẹ́nu kí ó tó di pé Kotoko fún un ní ohun tó fi rẹ́rìn-ín.

Kí ni Kotoko jẹ́ fún àwọn ará Kumasi?

Ọdún 1935 ni ikọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Asante Kotoko, nígbà ayé Asantehene Osei Agyeman Prempeh Kejì. Láti ìgbà náà, ọba Asante ni bàbá ìsàlẹ̀ ikọ̀ náà.

Kotoko ni àwọn Asante ń pe òòrẹ̀, ẹranko tí ẹ̀gún bo ara rẹ̀. Òòrẹ̀ ni àmì ìjọba Asante láti ayé àwọn ogun àtijọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kì í ni pé bí ènìyàn bá pa ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún mìíràn yóò tún wá. Ọ̀rọ̀ ogun ni, orí pápá ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù gbé e lọ.

Krofrom kò jìnnà sí Manhyia, níbi tí ààfin Asantehene wà. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Kotoko kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Bí Kotoko bá jáwé olúborí, ìlú ló jáwé olúborí. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ìdọ̀tí kan ààfin.

Àwọn Yorùbá náà mọ Kumasi dáadáa. Kí ó tó di ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn ló ń ta ọjà níbẹ̀. Àwọn kan ti bí ọmọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń sọ Twi bí ẹni pé èdè ìyá wọn ni.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá kó ẹrù wọn, wọ́n fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé. Nígbà tí ọjọ́ ayọ̀ tó tóbi jù dé bá Kotoko ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti jọ ń pariwo gólì pẹ̀lú àwọn ará Kumasi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọgbẹ́ ọdún 1967: Àṣekágbá tí wọn kò gbá

Láti mọ ohun tí Mensah ṣe fún Kotoko, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ gbèsè tó wà nílẹ̀.

Ní ọdún 1967, Kotoko dé àṣekágbá ìdíje àwọn ikọ̀ tó gba liigi ní ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Englebert ti ìlú Lubumbashi, tí à ń pè ní TP Mazembe lónìí, ni wọ́n bá pàdé.

Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n gbá ní Kumasi. Ọ̀mì 2-2 ni wọ́n tún gbá ní Kinshasa. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, CAF, wá ní kí wọ́n lọ gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní Cameroon ní oṣù Kejìlá.

Englebert dé ibẹ̀. Kotoko kò dé. Àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù ní Ghana ni CAF fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí, àmọ́ ìròyìn náà kò dé etígbọ̀ọ́ ikọ̀ náà. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé ife fún Englebert láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù sí àwọ̀n.

Nínú gbogbo ìjákulẹ̀ tí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lè ní, irú èyí ló ṣòro jù láti gbàgbé. Bí wọ́n bá nà ọ́, o mọ ẹni tó nà ọ́. Bí ìwé bá sọnù lọ́nà, ta ni o fẹ́ bínú sí?

Kinshasa, ọdún 1971: Fìlà, pẹnárítì àti ife ẹ̀yẹ

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ikọ̀ méjèèjì tún pàdé nínú àṣekágbá ìdíje ọdún 1970, tí wọ́n gbá ní oṣù Kìíní ọdún 1971.

Englebert kì í ṣe ẹran rírọ̀. Ọdún mẹ́rin tẹ̀léra ni wọ́n fi dé àṣekágbá ìdíje náà, láti 1967 títí di 1970, wọ́n sì gba ife ní ọdún 1967 àti 1968.

Aggrey-Fynn ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Kotoko, Ibrahim Sunday sì ni balógun ikọ̀ náà. Mensah ló wà nínú ilé.

Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n tún gbá ní Kumasi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ti parí nìyẹn, nítorí ta ni yóò lọ nà Englebert ní Kinshasa níwájú ọ̀pọ̀ èrò wọn?

Kotoko lọ, wọ́n sì nà wọ́n ní 2-1.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ jù nípa ọjọ́ náà ni ti pẹnárítì. Gẹ́gẹ́ bí àwọn olólùfẹ́ Kotoko ṣe máa ń sọ ọ́, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ti ń lọ sópin nígbà tí rẹfirí fún Englebert ní pẹnárítì. Bí ó bá wọlé, iṣẹ́ tún di ọ̀tun.

Àwọn ará Congo ní kò sí ohun tó ń dí ilé náà bí kò ṣe fìlà orí aṣọ́lé, ọ̀rọ̀ fìlà sì di àríyànjiyàn lórí pápá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù dojú kọ Mensah. Bọ́ọ̀lù náà kò wọlé.

Bóyá oògùn ni, bóyá àyà ló já ẹni tó gbá a, kálukú ní ohun tó gbà gbọ́. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni pé Kotoko gbé ife náà wálé. Ikọ̀ kejì láti Ghana kò tíì gba ife yìí rí nígbà náà.

Ọba Prempeh Kejì, tí Kotoko bẹ̀rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, kò rí ọjọ́ náà. Ó wàjà ní ọdún 1970. Otumfuo Opoku Ware Kejì ló wà lórí àpèrè nígbà tí ife dé Kumasi.

Gbèsè ọdún 1967 ti di sísan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà ni ọmọ Cape Coast tó dé fìlà. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kọrin, àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò sì ń du ipò aṣọ́lé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ipò yẹn ni wọ́n sábà máa ń tì fún ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá.

Báwo ni Robert Mensah ṣe kú?

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1971, Mensah wà nínú ilé ọtí kan nílùú Tema, ìlú èbúté tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Accra.

Àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àríyànjiyàn di ìjà. Ọkùnrin kan mú ìgò, ó fọ́ ọ, ó sì fi gún un.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, àmọ́ ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, ó dákẹ́.

Kò sí ogun, kò sí jàǹbá ọkọ̀, kò sì sí àìsàn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ìbá fi sílẹ̀ kó lọ, tí ilẹ̀ ìbá sì mọ́ bá gbogbo wọn, ló gba ẹ̀mí ẹni tí ikọ̀ tó lágbára jù ní Áfíríkà kò rí gbéṣe.

Ọ̀fọ̀ náà kò mọ sí Kumasi nìkan. Cape Coast sunkún ọmọ rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ Hearts of Oak ní Accra, tí wọ́n ti máa ń bú u bí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù mọ́ wọn lọ́wọ́, náà sunkún rẹ̀. Aṣọ́lé gbogbo Ghana ni.

Lópin ọdún náà, nígbà tí wọ́n ka ìbò agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní ilẹ̀ Áfíríkà, Ibrahim Sunday, balógun Kotoko, ló gba ipò kìíní. Robert Mensah, tó ti wà nínú sàréè, ló gba ipò kejì.

Yaoundé: Àṣekágbá tí àyè ẹnì kan ṣófo níbẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, Kotoko tún dé àṣekágbá. Canon ti ìlú Yaoundé lórílẹ̀-èdè Cameroon ni wọ́n fẹ́ bá gbá a, ikọ̀ tí kò tíì gba ife náà rí.

Ní Kumasi, Kotoko nà wọ́n ní 3-0. Ẹni tó bá wo àmì ayò yìí lè sọ pé ikọ̀ náà ti ń gbé ọ̀fọ̀ rẹ̀ bí akíkanjú, àti pé ẹgbẹ̀rún mìíràn ti wá lóòótọ́.

Wọ́n lọ sí Yaoundé. Canon nà wọ́n ní 2-0.

Bó bá jẹ́ òfin òde òní ni, Kotoko ló ni ife, nítorí àmì ayò mẹ́ta ju méjì lọ. Ṣùgbọ́n nínú àṣekágbá ọjọ́ náà, wọn kì í ka àpapọ̀ àmì ayò. Ẹ jáwé olúborí lẹ́ẹ̀kan, àwọn náà jáwé olúborí lẹ́ẹ̀kan, ó túmọ̀ sí pé ẹ dọ́gba nìyẹn. Wọ́n ní kí wọ́n gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Yaoundé náà ni wọ́n sì ti gbá a, láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Canon ti ń lé iwájú pẹ̀lú 1-0 nígbà tí rúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà kò sì lè parí. Wọ́n gbé ife fún Canon.

Ǹjẹ́ Kotoko ìbá borí ká ní Mensah wà nínú ilé? Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n gbá 3-0 láìsí òun, ẹni tó bá fẹ́ ṣe òótọ́ gbọ́dọ̀ ka ìyẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n 1-0 ló gba ife lọ. Gólì kan péré. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí aṣọ́lé ń ṣe náà nìyẹn, kí gólì kan péré má wọlé.

Ìdí nìyí tí ìjákulẹ̀ yìí fi yàtọ̀ sí ti ọdún 1967. Ìyẹn ṣeé gbẹ̀san, wọ́n sì gbẹ̀san rẹ̀. Èyí kò ní ẹni tí wọn yóò bá tún un gbá.

Àwọn ìjákulẹ̀ mìíràn tí Kotoko kì í gbàgbé

Ikọ̀ tó bá ń dé àṣekágbá lemọ́lemọ́ ni ìjákulẹ̀ ńlá máa ń bá, nítorí ẹni tí kò dé ojú odò kì í bomi lọ. Díẹ̀ lára àwọn tí Kotoko ní lẹ́yìn ikú Mensah nìyí:

Ọdún 1973: Kotoko na AS Vita Club ti Kinshasa ní 4-2 nílé. Nígbà tí wọ́n dé Kinshasa, Vita nà wọ́n ní 3-0, ó sì gba ife pẹ̀lú àpapọ̀ 5-4.

Ọdún 1982: Al Ahly ti Egypt nà wọ́n ní 3-0 ní Cairo. Ọ̀mì 1-1 tí wọ́n gbá ní Kumasi kò lè tún un ṣe.

Ọdún 1993: Wọ́n gbá 0-0 lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Zamalek ti Egypt. Pẹnárítì ni Zamalek fi borí, 7-6. Àwọn olólùfẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn yóò mọ bí èyí ṣe rí, nítorí Zamalek kan náà ló na ikọ̀ wọn nínú àṣekágbá ọdún 1984, tó sì tún fi pẹnárítì gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọdún 1996 nínú ìdíje kan náà.

Ọdún 2004: Hearts of Oak àti Kotoko pàdé nínú àṣekágbá ife Confederation ti CAF. Ọ̀mì 1-1 ní Accra, ọ̀mì 1-1 ní Kumasi. Pẹnárítì 8-7 ni Hearts fi gbé ife náà jáde kúrò ní Kumasi, lójú àwọn onílé.

Kì í ṣe ẹkún nìkan ló wà níbẹ̀ o. Ní ọdún 1983, Al Ahly tún bọ́ sọ́wọ́ wọn nínú àṣekágbá. Ọ̀mì 0-0 ni ní Cairo, Kotoko sì fi gólì kan ṣoṣo tí Opoku Nti gbá wọlé borí ní Kumasi. Ife kejì wọn nìyẹn títí di òní.

Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ní fi àmì ayò wọ̀n. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, ọdún 2001, Hearts na Kotoko ní 2-1 ní Accra. Inú bí àwọn kan lára àwọn olólùfẹ́ Kotoko, wọ́n ń fọ́ àga, wọ́n sì ń jù ú sórí pápá. Ọlọ́pàá yin afẹ́fẹ́ tajútajú sáàárín èrò. Àwọn ènìyàn sáré síbi ẹnu ọ̀nà, àwọn ẹnu ọ̀nà kan sì wà ní títì.

Ó lé ní 120 ènìyàn tó kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jù wá wo bọ́ọ̀lù lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kumasi, ẹni tó jáde láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa Kotoko kò padà wálé mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ará Krofrom bá ń ka ìjákulẹ̀ tó wúwo, ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà kí wọ́n tó ka gólì.

Kí ló dé tí orúkọ Mensah kò fi parẹ́?

Nílùú Cape Coast, wọ́n fi orúkọ Robert Mensah sọ pápá ìṣeré tó wà ní Siwdu, níbi tí ikọ̀ Dwarfs ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Kumasi, orúkọ ẹlòmíì ló wà lára pápá ìṣeré ńlá, àmọ́ ìtàn tòun náà jọ ti Mensah. Baba Yara ni, ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù Kotoko tó mọ eré sá jù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Jàǹbá ọkọ̀ sọ ọ́ di ẹni tí kò lè rìn mọ́ ní ọdún 1963, ó sì kú ní ọdún 1969.

Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe ẹni tó gba ife jù ni àwọn ará Ghana fi orúkọ wọn sí ara ògiri. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ já láàárín ni.

Àwa náà ní tiwa ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1955, Gold Coast gbá gólì 7-0 wọ ilé Nàìjíríà ní Accra. Títí di òní, kò sí ikọ̀ tó tíì na Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń sunkún nítorí rẹ̀? Àwàdà ni àwọn ará Ghana fi ń ṣe bí a bá ń jiyàn nípa jollof.

Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, Nàìjíríà na Angola ní 1-0 ní Èkó. Ọjọ́ ìṣẹ́gun ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ lórí pápá, tí kò sì dìde mọ́. Lónìí, ikú Okwaraji ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí ọjọ́ náà, kì í ṣe gólì tó wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Mensah rí. Kotoko ti bọ́ lọ́wọ́ ìjákulẹ̀ tó pọ̀. Wọ́n gbẹ̀san lára Englebert, wọ́n gbẹ̀san lára Al Ahly, bí wọn kò bá sì tíì gbẹ̀san lára Zamalek, ọjọ́ ń bọ̀. Bí wọ́n bá pa ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún mìíràn yóò wá.

Aṣọ́lé ti wá lẹ́yìn Mensah. Àwọn kan nínú wọn dára gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí àwọn àgbà Krofrom wò tí wọn kò wo orí rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá wọn yóò rí fìlà níbẹ̀.